Agbára Adènà-Ìdógùn-ún inú Gbòǹgbò Maca: Láti Inú Ìgò Ìwádìí dé Inú Ara Ènìyàn

Àṣamọ̀

Maca jẹ́ irúgbìn kan tí àwọn ará orí òkè Andes ní orílẹ̀-èdè Pérù ti ń gbìn, tí wọ́n sì ti ń jẹ láti ayébáyé. Lónìí, wọ́n ń lọ̀ ọ́ ní ìyẹ̀fun, wọ́n ń dì í sínú hóró oògùn, wọ́n sì ń tà á káàkiri àgbáyé pẹ̀lú oríṣiríṣi ìlérí. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ìlérí náà ni iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò, èyí tí ó sọ pé maca ní èròjà tí ń dènà ìbàjẹ́ tí ọ́síjìn ń ṣe nínú ara, àti pé nítorí náà ó ń wo àìsàn. A pín ìlérí yìí sí ìpele mẹ́rin, a sì fi ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nínú ìgò, lára ẹranko àti lára ènìyàn wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Àbájáde wa ni pé ìpele kìíní fẹsẹ̀ múlẹ̀ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì jìn láti ibẹ̀ dé ìpele kẹrin. A fi ìmọ̀ràn fún olùkọ́ kádìí rẹ̀.

1. Ìfáàrà

Kò sí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan lónìí tí irú ìbéèrè yìí kò lè bá lójijì nínú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á gbé agolo ìyẹ̀fun kan wá láti ilé, á ní bàbá tàbí ìyá òun ń pò ó mu láràárọ̀, á sì fẹ́ mọ̀ bóyá òtítọ́ ni ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Lára agolo náà ni a ó ti kà pé ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó ń dènà ogbó, ó ń fún ọkùnrin lókun, ó sì ń tún ara obìnrin ṣe. Ìdí kan ṣoṣo tí wọ́n sábà máa ń fi ti gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ni pé "áńtíọ́sídáǹtì" pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dún bí ọ̀rọ̀ onímọ̀, èyí sì ni ó mú kí ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti bi í léèrè. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bí olùkọ́ kò bá lè ya òtítọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àbùmọ́, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni yóò ṣe: yálà kí ó gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, tàbí kí ó sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àṣìṣe ni méjèèjì. Ẹni tí ó gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ lè mú kí ènìyàn fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ nítorí ìyẹ̀fun; ẹni tí ó kọ gbogbo rẹ̀ sì ti sọ ìmọ̀ àti ìrírí àwọn àgbẹ̀ kan di yẹpẹrẹ láìní ẹ̀rí.

Ìlérí náà pín sí ìpele mẹ́rin. Ìkìíní: ǹjẹ́ èròjà tí ń dènà ìbàjẹ́ ọ́síjìn wà nínú maca? Ìkejì: bí ó bá wà, ǹjẹ́ ó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n tí ó tó? Ìkẹta: bí ó bá débẹ̀, ǹjẹ́ ó ń dín ìbàjẹ́ kù ní tòótọ́? Ìkẹrin: bí ìbàjẹ́ bá dín kù, ǹjẹ́ ìlera onítọ̀hún ń sàn sí i? Ẹni tí ó bá fò láti ìpele kìíní bọ́ sí ìkẹrin ti fo odò méjì láàrin.

2. Maca àti Ilẹ̀ tí ó ti Sẹ̀

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko fún maca ni Lepidium meyenii, orúkọ tí Walpers fún un ní ọdún 1843. Ní ọdún 1990, onímọ̀ ọmọ Pérù kan, Gloria Chacón, dábàá pé Lepidium peruvianum ni ó yẹ kí a máa pe èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí orúkọ méjèèjì nínú ìwé. Ìdílé kan náà ni òun àti kábéèjì. Bí a tilẹ̀ ń pè é ní gbòǹgbò, apá tí wọ́n ń jẹ gan-an ni ibi tí gbòǹgbò ti pàdé ìdí igi ewéko náà. Ibẹ̀ ni ó máa ń wú bí àlùbọ́sà kékeré. Àwọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ ọ̀kan: funfun wà, àwọ̀ ìyeyè wà, pupa wà, dúdú sì wà.

Àgbègbè Junín àti Pasco, ní àárín gbùngbùn Pérù, ni ìlú maca. Orí ilẹ̀ gíga tí ó yí adágún Junín ká ni wọ́n ti ń gbìn ín, ní nǹkan bí mítà 3,800 sí 4,500 sí òkè òkun. Ní ibi tí ó ga tó bẹ́ẹ̀, ìwúwo afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ ní etí òkun lọ. Oòrùn a máa ta gan-an ní ọ̀sán, omi a sì máa dì ní òru. Ìwọ̀nba irúgbìn díẹ̀ ni ó lè hù níbẹ̀. Àlùfáà ọmọ Sípéènì kan, Bernabé Cobo, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1653 pé ní ibi tí ó tutù jù lọ tí irúgbìn mìíràn kò ti lè hù fún jíjẹ ni maca ti ń hù, ó sì so ó pọ̀ mọ́ ọmọ bíbí.

Oúnjẹ ni maca jẹ́ fún àwọn ará ibẹ̀ kí ó tó di ohun tí à ń rì sínú hóró oògùn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ìyẹ̀fun maca gbígbẹ wò ní ọdún 1994, wọ́n rí i pé èròjà afúnnilágbára kó ìdá 59 nínú 100 rẹ̀, èròjà amáradàgbà kó ìdá 10.2, fáíbà kó ìdá 8.5, ọ̀rá sì kó ìdá 2.2. Àwọn àgbẹ̀ kì í sábà jẹ ẹ́ ní tútù. Lẹ́yìn ìkórè, wọn a máa tẹ́ ẹ síta fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí òtútù òru lè mú un dì, kí oòrùn ọ̀sán sì yọ́ ọ, títí yóò fi gbẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọn a rẹ ẹ́, wọn a sì sè é. A ó padà sí ọ̀rọ̀ sísá yìí, nítorí pé àṣírí kan wà nínú rẹ̀.

3. Kí ni Adènà-Ìdógùn-ún?

Ẹ jẹ́ kí a wo nǹkan mẹ́ta tí gbogbo wa mọ̀. Ọkọ́ tí a gbàgbé sí ìta ní ìgbà òjò a máa dógùn-ún. Iṣu tí a bẹ tí a kò tètè rì sínú omi a máa dúdú. Òróró tí ó pẹ́ jù nínú ìgò tí a kò dé, òórùn rẹ̀ a máa yí padà. Lójú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni ọ́síjìn ń ṣe nínú wọn: ó ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ohun tí ó bá pàdé. Nítorí pé ọ̀rọ̀ irin ni ó hàn sí ojú jù lọ, "ìdógùn-ún" ni a ó máa pe irú ìbàjẹ́ yìí nínú iṣẹ́ yìí, a ó sì máa pe áńtíọ́sídáǹtì ní "adènà-ìdógùn-ún".

Nínú ara pẹ̀lú, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì ti ń fi ọ́síjìn sun oúnjẹ láti rí agbára, díẹ̀ nínú ọ́síjìn náà a máa bọ́ sílẹ̀ ní ipò tí kò dára. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù a máa wà ní méjì-méjì nínú mólékù tí ara rẹ̀ balẹ̀. Èyí tí ọ̀kan nínú tirẹ̀ kò bá ní ìkejì yóò máa wá ẹni tí yóò já tirẹ̀ gbà. A lè pè é ní mólékù aláìníkejì. Bí ó bá já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan gbà lọ́wọ́ ọ̀rá tí ó bo sẹ́ẹ̀lì, ọ̀rá náà yóò di aláìníkejì, òun náà yóò sì kọjú sí aládùúgbò rẹ̀. Báyìí ni ìjà náà yóò ṣe máa ràn. Ó lè dé ara purotéènì, ó sì lè dé ara DNA tí ó jẹ́ ìwé ìlànà sẹ́ẹ̀lì.

Adènà-ìdógùn-ún ni èròjà tí ó lè yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan fún aláìníkejì náà láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ di oníjàgídíjàgan. Ibẹ̀ ni ìjà náà yóò parí sí. Ṣùgbọ́n ara kò jókòó kí ó máa dúró de oúnjẹ kí ó tó gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1969, McCord àti Fridovich ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù kan tí a ń pè ní superoxide dismutase, tí a gé kúrú sí SOD. Òun ni ó ń sọ irú aláìníkejì kan di hydrogen peroxide. Ẹ́ńsáìmù mìíràn tí ń jẹ́ catalase, àti èyí tí ń fi glutathione ṣiṣẹ́, yóò wá sọ ìyẹn di omi lásán. Ilé-iṣẹ́ ààbò yìí wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa tọ̀sán-tòru.

Ibì kan wà tí àfiwé irin ti kùnà. Ìdógùn-ún kò ṣe irin ní àǹfààní kankan, ṣùgbọ́n ara ń lo àwọn mólékù aláìníkejì. Ẹ̀jẹ̀ funfun ń fi wọ́n pa kòkòrò àrùn, sẹ́ẹ̀lì sì ń fi díẹ̀ nínú wọn ránṣẹ́ sí ara wọn. Nígbà tí Denham Harman gbé èrò rẹ̀ jáde ní ọdún 1956 pé àwọn mólékù yìí ni ó ń fa ogbó, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti lé gbogbo wọn jáde, ogbó yóò dúró. Ìmọ̀ tí ó tẹ̀ lé e ti fi hàn pé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ara ń wá.

4. Àwọn Èròjà inú Maca

Ọ̀wọ́ èròjà mẹ́rin ni ó yẹ kí a mọ̀. Èkíní ni glucosinolate, èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú ìdílé kábéèjì, tí ó sì ń fa ìtasánsán wọn. Èkejì ni polyphenol, èyí tí ewéko ń pèsè láti fi dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ oòrùn àti kòkòrò. Àwọn yìí ni ó sábà máa ń yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Lára wọn sì ni èròjà tí ń fún maca pupa àti dúdú ní àwọ̀ wà. Ẹ̀kẹta ni àwọn alkaloid. Ẹ̀kẹrin ni macamide, ẹ̀yà ọ̀rá kan tí orúkọ rẹ̀ ti ara maca fúnra rẹ̀ wá.

Ibi yìí ni àṣírí sísá wà. Macamide kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú maca tútù. Ìgbà tí òtútù bá fọ́ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní òru tí oòrùn sì gbé e ní ọ̀sán ni ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ yóò pàdé glucosinolate. Apá kan nínú ohun tí ó bá jáde yóò wá so mọ́ ọ̀rá, yóò sì di macamide. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 ni ó tú ọ̀nà yìí síta. Èyí fi hàn pé ohun tí àwọn àgbẹ̀ Junín ń ṣe láti ìrandíran kì í ṣe ọ̀nà ìpamọ́ lásán. Ó ń yí ohun tí ó wà nínú oúnjẹ náà padà. Ó tún kọ́ wa pé maca tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ ní wàràwàrà lè má jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú èyí tí ó gbẹ sórí òkè, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára agolo.

Ọ̀nà tí a gbà fa oje náà yọ tún ṣe pàtàkì. Omi a máa fa polyphenol àti glucosinolate jáde. Kò lè fa macamide dáadáa, nítorí pé ọ̀rá ni. Ọtí líle tàbí kẹ́míkà mìíràn ni yóò fa ìyẹn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé "oje àfàyọ maca ṣe báyìí-báyìí", ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: maca aláwọ̀ wo, kí ni wọ́n sì fi fà á?

5. Ìpele Kìíní: Ohun tí Ìgò Sọ

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù láti dán adènà-ìdógùn-ún wò ni ti kẹ́míkà kan tí a ń pè ní DPPH. Aláìníkejì ni òun náà, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àlùkò. Bí a bá da oje tí ó lè yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sí i, àwọ̀ àlùkò náà yóò ṣá, yóò sì di àwọ̀ ìyeyè. Bí oje náà bá ti lágbára tó ni díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò ti tó láti pa àwọ̀ náà dà.

Sandoval àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán maca wò báyìí, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní ọdún 2002. Mílígíráàmù 0.61 nínú mílílítà kan ni ó gbà kí oje maca tó lè pa ìdajì DPPH náà. Wọ́n tún rí i pé ó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sìn nínú àwo lọ́wọ́ peroxynitrite, tí í ṣe èròjà apanirun kan. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni wọ́n sọ pé agbára maca kò tó ti àwọn èròjà inú tíì eléwé tútù, kò sì tó ti ewéko Pérù mìíràn tí wọ́n ń pè ní uña de gato. Apá àbájáde yìí ni a kì í rí lára agolo.

Ìdáhùn sí ìpele kìíní nìyí: bẹ́ẹ̀ ni, maca ní adènà-ìdógùn-ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó lágbára jù.

6. Ìpele Kejì: Láti Ẹnu dé Inú Ẹ̀jẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà 5, ìyẹn mílílítà 5,000. Bí a bá fẹ́ kí oje maca wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n 0.61 mílígíráàmù nínú mílílítà kan, ohun tí a nílò ni 0.61 lọ́nà 5,000, èyí tí ó jẹ́ mílígíráàmù 3,050, tàbí gíráàmù 3 ó lé díẹ̀. Gíráàmù 3 lójúmọ́ sì ni ọ̀pọ̀ ìwádìí lára ènìyàn lò. Ẹni tí ó bá ń kánjú yóò pariwo pé ó tó!

Kò tó. Lákọ̀ọ́kọ́, ìyẹ̀fun ni gíráàmù 3 náà, kì í ṣe oje àfàyọ. A sì ti rí i pé púpọ̀ nínú ìyẹ̀fun náà jẹ́ oúnjẹ lásán tí inú yóò dà. Lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀ ni ó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ polyphenol tí a bá jẹ. Àwọn kòkòrò inú ìfun àti ẹ̀dọ̀ yóò ti yí púpọ̀ nínú wọn padà kí wọ́n tó débẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohun tí ó bá wọlé kì í dúró. Kíndìnrín yóò máa tì í síta. Nítorí náà, iye tí ó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ kéré gan-an sí iye tí wọ́n lò nínú ìgò.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ohun tí ó kéré kò lè ṣiṣẹ́. Àwọn èròjà tí ń jáde láti ara glucosinolate nínú ìdílé kábéèjì lè ta sẹ́ẹ̀lì jí kí ó fi kún ẹ́ńsáìmù ààbò tirẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé oúnjẹ náà ń bá aláìníkejì jà fúnra rẹ̀. Ńṣe ni ó ń ké sí àwọn ọlọ́dẹ tí ó ti wà nínú ilé. Ohun tí DPPH inú ìgò ń wọ̀n kì í ṣe èyí rárá.

7. Ìpele Kẹta: Ohun tí a rí lára Eku

Ní ọdún 2007, Večeřa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Czech tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn eku tí wọ́n bí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ mọ́. Wọ́n fi maca sínú oúnjẹ wọn, ó sì jẹ́ ìdá 1 nínú 100 oúnjẹ náà, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rá àti kolẹ́sítírọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ wọn dín kù, iṣẹ́ SOD sì pọ̀ sí i. Èyí bá èrò tí a sọ lókè mu pé ohun tí oúnjẹ ń ṣe lè jẹ́ láti ta ààbò ara jí.

Ní Pérù, Gustavo Gonzales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cayetano Heredia ní ìlú Lima ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ jù lọ. Wọ́n fi hàn pé àwọ̀ maca ń fa ìyàtọ̀: maca pupa dín ìtóbi pírósíteètì eku kù, nígbà tí maca dúdú ṣiṣẹ́ jù lórí àtọ̀. Ní ọdún 2007, Rubio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi maca dúdú fún èkúté tí wọ́n ti fi oògùn ba agbára ìrántí rẹ̀ jẹ́. Ìrántí náà sàn sí i, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù kan tí ń fọ́ èròjà ìránṣẹ́ inú ọpọlọ ti dín kù.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ lórí èyí tí ó kẹ́yìn yìí. Dídí ẹ́ńsáìmù ọpọlọ lọ́wọ́ yàtọ̀ sí yíyọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fún aláìníkejì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí maca bá ṣe ẹranko lóore, kò dandan kí ó jẹ́ pé ọ̀nà adènà-ìdógùn-ún ni oore náà gbà wọlé. Eku kì í sì í ṣe ènìyàn.

8. Ìpele Kẹrin: Ohun tí a rí lára Ènìyàn

Ní ọdún 2001, ẹgbẹ́ Gonzales fún ọkùnrin mẹ́sàn-án ní maca fún oṣù mẹ́rin, wọ́n sì ròyìn pé àtọ̀ wọn pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́sàn-án kéré, kò sì sí ẹgbẹ́ tí wọ́n fún ní oògùn òfìfo láti fi wé wọn. Ìwádìí ọdún 2002 dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n lo oògùn òfìfo fún àwọn kan fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn tí ó lo maca sọ pé ìfẹ́ àwọn sí ìbálòpọ̀ pọ̀ sí i. Síbẹ̀ testosterone inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò yí padà. Èyí já ìlérí àwọn tí ń sọ pé maca ń fi kún testosterone ní koro.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó gbogbo ìwádìí tí ó péye jọ, mẹ́rin péré ni wọ́n rí lórí ìbálòpọ̀ ní ọdún 2010. Mẹ́rin péré náà ni wọ́n sì rí lórí ìnira ìdáwọ́dúró nǹkan oṣù obìnrin ní ọdún 2011. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, ìdájọ́ wọn ni pé àmì rere díẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tíì tó. Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ Gonzales tún fi àwọn tí ń jẹ maca ní Junín wé àwọn tí kì í jẹ ẹ́, wọ́n sì rí i pé èròjà kan tí ń fi ara wíwú hàn kéré nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ń jẹ ẹ́. Èyí wúni lórí, ṣùgbọ́n ẹni tí ń jẹ maca lè yàtọ̀ sí ẹni tí kì í jẹ ẹ́ ní ọ̀nà mìíràn: iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí oúnjẹ rẹ̀ yòókù.

Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tí ó fi hàn pé maca wo àrùn kan sàn nítorí agbára adènà-ìdógùn-ún rẹ̀.

9. Ẹ̀kọ́ Ńlá láti Finlandi

Àwọn kan lè sọ pé, bí kò bá tilẹ̀ ṣe rere, kò lè ṣe ibi. Ìtàn beta-carotene kọ̀ fún wa láti sọ bẹ́ẹ̀. Inú kárọ́ọ̀tì ni èròjà yìí wà, adènà-ìdógùn-ún sì ni nínú ìgò. Àwọn onímọ̀ ní Finlandi fi mílígíráàmù 20 rẹ̀ lójúmọ́ dán àwọn ọkùnrin tí ń mu sìgá wò; 29,133 ni gbogbo àwọn tí ó kópa nínú ìwádìí náà. Ìrètí wọn ni pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró yóò dín kù. Nígbà tí àbájáde jáde ní ọdún 1994, ìdá 18 nínú 100 ni jẹjẹrẹ náà fi pọ̀ sí i láàrin àwọn tí ó lo beta-carotene. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ènìyàn 18,314 kópa nínú rẹ̀, rí àlékún ìdá 28 nínú 100. Wọ́n sì dá a dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé ní ọdún 1996.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Èròjà kan náà tí kì í pa ẹni tí ó jẹ kárọ́ọ̀tì lára di ewu nígbà tí wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀ tí wọ́n sì kì í mọ́ inú hóró oògùn fún àwọn amusìgá. Ní ọdún 2012, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà yọ àtẹ kan kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, èyí tí ó fi agbára adènà-ìdógùn-ún oúnjẹ wéra nínú ìgò, nítorí pé àwọn oníṣòwò ń fi í tan ènìyàn, tí nọ́ńbà inú rẹ̀ kò sì fi ohun tí oúnjẹ náà ń ṣe nínú ara hàn.

A kò sọ pé maca rí bí beta-carotene. Ohun tí a ń sọ ni pé oúnjẹ tí a rẹ tí a sì sè lórí òkè yàtọ̀ sí oje líle tí a dì sínú hóró, àti pé ìrírí àwọn ará Junín lórí ti àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀rí fún ti èkejì.

10. Ọ̀ràn Ẹ̀tọ́ àwọn Onílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò pé bí a kò bá mẹ́nu ba ẹni tí ó ni ín. Ní ọdún 1989, ìwé kan tí ìgbìmọ̀ ìwádìí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbé jáde ka maca mọ́ àwọn irúgbìn Inca tí ayé ti fẹ́ gbàgbé. Ọdún méjìlá péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 2001, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ lórí oje àfàyọ maca. Inú àwọn ọmọ Pérù kò dùn sí i, wọ́n ní ìmọ̀ àwọn baba wọn ni ẹlòmíràn ń gba àṣẹ lé lórí. Ní ọdún 2004, Pérù fi òfin dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa gbógun ti irú olè jíjà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2011 sì ni orúkọ "Maca Junín-Pasco" gba ìdáàbòbò lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí orúkọ ohun tí ó ti ilẹ̀ kan pàtó wá. Àwọn àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Yunnan ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà náà ti ń gbin maca.

11. Ohun tí Olùkọ́ Lè Ṣe

Kò sí ìdí láti ra maca kí a tó lè kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ po ẹ̀kọ tàbí sítáàṣì díẹ̀ sínú omi gbígbóná púpọ̀ kí ó ṣàn, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì kán áyódínì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn sí i; yóò di dúdú bí aró. Ẹ wá máa kán omi ọsàn sí i díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ dúdú náà yóò pòórá, nítorí pé fítámì C inú ọsàn ń yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fún áyódínì. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka iye ẹ̀kán tí ó gbà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi omi ọsàn tí a ti sè dáadáa àti èyí tí a fún láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn ṣe é, kí wọ́n sì fi èsì wéra. Nígbà tí wọ́n bá parí, kí olùkọ́ bi wọ́n pé: ǹjẹ́ ohun tí a rí nínú ife yìí sọ fún wa pé ọsàn ń wo àìsàn? Ìjíròrò tí yóò tẹ̀ lé ìbéèrè yìí ni ọkàn ẹ̀kọ́ náà.

Fún àwọn òbí àti aládùúgbò tí ó bá béèrè, ìmọ̀ràn mẹ́ta tó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi maca rọ́pò oògùn tí dókítà kọ fún un. Kí aláboyún, ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú, àti ẹni tí ó ní àìsàn gẹ̀gẹ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lò ó, nítorí pé glucosinolate inú ìdílé kábéèjì lè dí iṣẹ́ áyódínì lọ́wọ́. Kí gbogbo ènìyàn sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára ohun tí wọ́n bá fẹ́ rà, nítorí pé àwọn aláṣẹ ní òkè òkun ti rí oògùn gidi tí àwọn kan fi pamọ́ sínú ohun tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí ewé àti egbò fún okun ọkùnrin.

12. Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé maca ní adènà-ìdógùn-ún níwọ̀nba nínú ìgò. Pé ohun tí ó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ kéré. Pé ó fi àmì rere hàn lára eku, bóyá nípa títa ààbò ara jí tàbí ní ọ̀nà mìíràn. Àti pé ẹ̀rí tí a ní lára ènìyàn ṣì kéré, kò sì so mọ́ ìdógùn-ún ní tààrà. Oúnjẹ gidi ni maca, ìmọ̀ gidi sì ni àwọn àgbẹ̀ Junín ní lórí rẹ̀. Ìlérí tí ó wà lára agolo ni kò tíì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé agolo náà wá, kí olùkọ́ má ṣe gbà á kí ó jù ú nù, kí ó má sì yìn ín. Kí ó gbé e sórí tábìlì, kí ó kọ ìbéèrè mẹ́rin náà sójú pátákó, kí òun àti kíláàsì jọ máa dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.